Fèrè Píjò Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n Mi

Àwọn ará Ìgbógìlà kò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ẹ béèrè Ìbítóyè lọ́wọ́ wọn, wọn á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Ẹ̀gbọ́n Ṣeun lẹ̀ ń wá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá á na ìka sí ilé mi. Ara ọkọ̀ mi ni wọ́n ti ka orúkọ náà. Ẹ̀GBỌ́N ṢEUN ni mo ní kí wọ́n kọ sẹ́yìn Píjò mi lọ́sẹ̀ tí mo gbé e dé láti Pọ́bẹ̀, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo lè gbé àpò gbágùúdá lé èjìká kí n sì tún máa súfèé lọ.

Píjò 504 ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó ń kó èrò tó tún ń kó ẹrù. Òun ni mo fi ná ọ̀nà Ìgbógìlà sí Ìjoùn títí ó fi rẹ̀ mí. Mo fi kó àwọn olóko lọ sọ́jà, mo fi gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, mo fi gbé aboyún lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó, mo sì fi gbé òkú àgbà wálé. Báyọ̀ ọmọ mi, tó ti di ọ̀gá ní Èkó báyìí, ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátò lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ló ti máa ń sùn nígbà tó wà ní kékeré. Bí ó bá fi máa jí, tòmátò á ti pa aṣọ rẹ̀ láró. Túnbọ̀sún ìyá rẹ̀ á máa pariwo lé mi lórí, èmi á máa rẹ́rìn-ín. Túnbọ̀sún ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Nígbà mìíràn tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo tún máa ń gbọ́ òórùn tòmátò yẹn, àárò rẹ̀ á sọ mí, màá sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú.

Ṣùgbọ́n ogbó ti dé sí ọkọ̀ náà bó ti dé sí èmi. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi kì í ṣí láti inú mọ́. Mo ní láti na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kí n fà á láti ìta. Ihò kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó níwájú, èèyàn lè máa wo ilẹ̀ bó ti ń sá lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, bí mi ò bá gbé e sùn síbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní jí láàárọ̀. Èmi náà ńkọ́? Ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí mo bá ti jókòó sínú rẹ̀, kí n tó lè jáde, màá ti pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tó ń jẹ́. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn mi ti ń jẹ ara wọn, kí n yéé bẹ̀rẹ̀, kí n yéé gbé ẹrù. Láti ìgbà náà ni mi ò ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Mùínátù pàápàá ti yọ̀ǹda mi. Ó ní kí n máa kí òun lórí ìdúró, pé òun ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí fún yín, nítorí òun ni orúkọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń bá wí. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Ìgbà tó fẹ́ Alájì kan ní Ìjoùn ló di Mùínátù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò dé Pọ́bẹ̀ lódìkejì bodè, ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́ Faransé débi pé, bí inú bá ń bí i tán, èdè yẹn ló fi ń bú wa. Òun ló sìn mí lọ sí Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ra Píjò, kí ó lè bá mi ná an. Owó tí mo kó lọ kò pé. Mo ti kẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà, mo ti ń wá ọ̀nà ilé. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ń tú yẹtí wúrà etí rẹ̀. Ó tú ti ọrùn náà mọ́ ọn, ó kó gbogbo rẹ̀ lé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́. Mo figbe ta. Ó ní, "Dùsímáà, Àjàní, dùsímáà," ìyẹn ni pé kí n ṣe é jẹ́jẹ́ lédè Faransé. Àjàní ni oríkì mi. Láti ọjọ́ náà, igi ìgbálẹ̀ ló fi há ihò etí rẹ̀ kí ó má baà dí.

Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá tó o, tí mo bá ní kí n ra wúrà mìíràn fún un, á ní, "Kí ni mo fẹ́ fi wúrà ṣe? Kí n ṣáà ti máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà mi." Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ń fọn ọ́n. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Pí-pí, píìì! Láti kọ́nà ilé ìwé ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé iwájú ilé, á ti jáde, á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àádùn nínú ewé, á sì ti máa bú mi pé mo pẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá fọ́ pátápátá, kò yí padà. Á jáde, á kọjú sí ọ̀kánkán ibi tí mo bá dúró sí gan-an. Ọjọ́ ọjà kan kì í kọjá kí n má lọ, bí ẹ̀yìn ń dùn mí, bí kò dùn mí.

Oṣù tó kọjá ni Báyọ̀ gbé jíìpù dé. Jíìpù dúdú ni, ó ń dán bí ojú omi, gíláàsì rẹ̀ náà dúdú débi pé ẹni tó wà níta kò lè rí ẹni tó wà nínú. Ó ní tèmi ni, bí mo bá ti gbà láti fi Píjò sílẹ̀. Ó ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ìlaròó tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́, tó ń gé e sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ọjọ́ Ajé ni yóò wá wọ́ ọ lọ. Ẹnu mi nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

Inú bí mi. Mo ní, "Báyọ̀, ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀ nípa èmi náà?"

"Bàbá, ẹ dákun. Ọkọ̀ ni mò ń sọ. Ọjọ́ kan ló máa dá yín dúró sínú igbó, ẹ̀yìn yín ò sì ní jẹ́ kí ẹ lè rìn wálé."

"Ọkọ̀ tó o máa ń sùn sínú rẹ̀ ní kékeré ni wọ́n fẹ́ gé."

Ó mú aṣọ, ó ń nu ara jíìpù. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Kì í bá mi jà, á kàn wá nǹkan ṣe títí ìbínú mi á fi rẹ̀ mí. Kò jọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní kí n ṣáà gun jíìpù náà wò. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gùn ún, ẹ̀yìn mi sì sinmi. Mi ò bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé, mi ò fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé. Àga náà gbà mí bí ìgbà tí ìyá bá gbọ́mọ pọ̀n. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lójú. Báyọ̀ tẹ nǹkan kan, ni àga bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru mọ́ mi lẹ́yìn, níbi tó ń dùn mí gan-an. Mo dijú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ọmọ náà sì rí i. Inú mi ti gbà tán, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ẹnu mi sọ ọ́. Mo kàn ní, "Gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjoùn. Ohun tó bá sọ labẹ gé. Bí ó bá ní kí n gbà á, kí ará Ìlaròó yẹn máa bọ̀."

Mo mọ̀ pé á ní kí n gbà á. Àtìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí ló ti ń ṣàánú mi. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀: mo fẹ́ kí gbogbo ará ọ̀nà yẹn rí mi nínú jíìpù. Àgbà kì í kọ afẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

A gbéra lọ́jọ́ ọjà. Báyọ̀ ló ń wà á. Mo wọ bàtà aláwọ tó rà fún mi, tó ń dún kò-kò-kò. Lọ́nà yẹn, bí mo bá wà nínú Píjò, ọwọ́ mi kì í sinmi. Tibí ń kí mi, tọ̀hún ń dá mi dúró pé kí n bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ dé iwájú. Lọ́jọ́ yìí, a kọjá lára obìnrin kan tó ń sá láfún sórí àpáta. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ìyá tó bí i. Mo gbé ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó wo ọkọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan, ó kó aṣọ jọ, ó sá wọlé. Ẹlẹ́ja kan tó ń gun ọ̀kadà bọ̀ yà bàrá sínú igbó, ó sì dúró síbẹ̀ títí a fi kọjá.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?" mo béèrè.

Báyọ̀ ò mọ̀. Bí a ti ń súnmọ́ bodè, ó túbọ̀ ń le sí i. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń pa dé níwájú wa, wọ́n ń fa tàpólì bo ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò fọ́nká. Kí a tó wọ Ìjoùn, ẹ ò ní mọ̀ pé èèyàn ń gbé lójú ọ̀nà yẹn, àfi ewúrẹ́.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà bodè ni, ìrẹsì àti òróró tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe èyí tí ìjọba fọwọ́ sí. Àwọn aṣọ́bodè tó ń wá wọn, inú jíìpù irú èyí ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹni tó bá rí gíláàsì dúdú níbẹ̀ kì í dúró bi í pé ta ni. "Báyọ̀," mo ní, "aṣọ́bodè ni wọ́n pè wá!" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi ń ta mí. Èmi tí mo ti gbé ìdajì wọn lọ sọ́jà! Mo ní ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí, pé á rẹ́rìn-ín débi tí eyín á fi máa ro ó.

Ní kọ́nà ilé ìwé, mo ní kí Báyọ̀ fọn fèrè. "Kúkúrú méjì, gígùn kan." Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó jáde wúwo, ó kún ìgboro, bí ẹni tó ń pàṣẹ. Bó ti dún ni mo rí Asiyah, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó gbé àpò kan sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó fi ìyá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ lójúde.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí nǹkan gíga kan tí wọ́n fi ẹní bò, ó na aṣọ rẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ẹní náà lọ́tùn-ún lósì. Èmi ti mọ̀ pé ìrẹsì Asiyah ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín tún ń pa mí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣe jẹ́jẹ́ lọ síwájú rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀ kí n tó pè é, bí a ti máa ń dẹ́rù ba ara wa nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Ó gbọ́ ìró bàtà mi. Ó rọra yọ́ sílẹ̀ lórí àpò ìrẹsì, ó fi ọwọ́ wá ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi," ó ní. "Ẹ dákun, ẹ fiyè dénú. Afọ́jú ni mí, mi ò mọ nǹkan tó wà lábẹ́ ẹní yìí. Ọmọ òrukàn ló ni ín, òun náà ló ń bọ́ mi. Ẹ má kó o lọ. Mo ní àbúrò kan ní Ìgbógìlà, Ẹ̀gbọ́n Ṣeun ni wọ́n ń pè é, gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ ẹ̀ lọ́nà yìí. Òní ló ń wá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó dé, ẹ ó gbọ́ fèrè ẹ̀. Tó bá dé, kò ní jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ mí."

Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí, tó ń rún oúnjẹ sí mi lẹ́nu kí n tó mọ ẹja mọ egungun, tó tú wúrà etí rẹ̀ fún mi lójú àwọn ará Pọ́bẹ̀, òun ló wà lórí eékún níwájú mi, tó ń pè mí lọ́gàá, tó ń fi èmi bẹ èmi. Mo rí igi ìgbálẹ̀ ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá ti wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní níkẹyìn. "Èmi ni. Àjàní ni."

Kò dìde. Ó yí etí sí mi. "Ohùn Àjàní nìyẹn," ó ní, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tan òun jẹ. "Ọkọ̀ ẹ dà? Mi ò gbọ́ ọkọ̀."

Báyọ̀ ló sáré kọjá lára mi. Ó gbá a mú, ó gbé e dìde. "Màmá, Báyọ̀ ni. Ẹ má bínú. Ọkọ̀ tuntun la gbé wá." Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ pa Báyọ̀ lójú, ó pa á nímú, ó dé àpá tó wà lágbọ̀n rẹ̀. Ìgbà náà ló gbà. Ó mí kanlẹ̀, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, ní Yorùbá, ní Faransé, ó bú bàtà mi, ó bú jíìpù, ó bú ẹni tó ṣe jíìpù. Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́rìn-ín, ó ké sí Asiyah pé kó jáde, pé àwọn aṣọ́bodè ilé wa ló dé.

Gbogbo àdúgbò tú síta. Málọmọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì jáde láti abẹ́ tàpólì, ó ń lu àyà. "Bàbá Ẹ̀gbọ́n Ṣeun, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lónìí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yí jíìpù po, wọ́n ń fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé òun wọ inú rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ra àga. Báyọ̀ jẹ́ kó móoru fún un. "Háà! Báyọ̀, bí ọ̀run bá dùn tó báyìí, kí ni mo tún ń dúró ṣe láyé?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ibi tó rò pé mo wà. "Gbà á, Àjàní. Ẹ̀yìn ẹ ò dáa. Èmi náà á mọ ohùn ẹ̀ tó bá yá."

Ọ̀rọ̀ tí mo wá gbọ́ nìyẹn, ó ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ìró ìdí rẹ̀. Yanrìn wà lójú eékún rẹ̀ méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì rántí gbọ̀n ọ́n fún un.

"Mi ò gbà á, Ẹ̀gbọ́n," mo ní.

"Agídí," ó ní.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Báyọ̀ wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, a lè yọ gíláàsì dúdú yìí, ká fi funfun sí i. Màá tún ní kí wọ́n kọ Ẹ̀gbọ́n Ṣeun sẹ́yìn ẹ̀."

Ọmọ dáadáa ni, mo mọ̀. Mo ní, "Báyọ̀, ìwọ náà gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n dé, kí n wá gba òun sílẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Báyọ̀ tẹ nǹkan kan, gbogbo gíláàsì wálẹ̀. Eruku ọ̀nà Ìjoùn wọlé bá wa, ó bà lé àga olówó ńlá yẹn, Báyọ̀ kò sì nù ún. Ó yọ ojú síta, ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń dárúkọ ara rẹ̀ fún wọn. Obìnrin oníláfún jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí a dé iwájú ilé, Báyọ̀ ní, "Ẹ̀yìn yín ńkọ́, Bàbá?"

"Á máa dùn mí," mo ní. "Pe ará Ìlaròó, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu."

Ó gbé jíìpù rẹ̀ padà sí Èkó. Kí ó tó lọ, ó pe wẹ́dà wá, wọ́n dí ihò abẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì tún ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi ṣe, ó ti ń ṣí láti inú báyìí. Mo rí i níbi tó tẹ orí sínú ẹ̀yìn Píjò fún ìgbà pípẹ́. Mi ò bi í ní ohun tó ń gbóòórùn.

Nígbà tí ọjà tún pé, mo gbé Píjò mi láti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó wú ikọ́ díẹ̀, ó jí. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí mi, wọ́n ń pè mí láṣọ́bodè, mo sì ń bú wọn padà. Ní kọ́nà ilé ìwé, mo fọn ọ́n. Pí-pí, píìì! Kò sí ẹni tó fa tàpólì. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àádùn lọ́wọ́, ó nàró, ó kọjú sí mi.

"O pẹ́," ó ní.

Mo jáde, mo gbé ọ̀pá tí mo fi ń rìn ti ara ọkọ̀. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi eékún kan ilẹ̀, mo sì na gbogbo ara mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú yanrìn gbígbóná, àyà mi kanlẹ̀. Eegun ẹ̀yìn mi ké.

Ó gbọ́ ọ. "Àjàní, kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣebí mo ti ní kó o máa kí mi lórí ìdúró."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ ìdí rẹ̀, kò sì bi mí. "Ó ti tó. Dìde."

Mo gbìyànjú, ẹ̀yìn mi kọ̀. Mo tún gbìyànjú. "Mi ò lè dìde," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àádùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlóro. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá mi nínú yanrìn títí ó fi kan orí mi, ó kan èjìká mi, ó sì rí ọwọ́ mi dì mú.

"Dùsímáà," ó ní, ó ń fà mí dìde. "Dùsímáà, Àjàní."